Ayùn Tó Gba Inú Iná Kọjá

Fèrèsé ló fa gbogbo rẹ̀. Igi rẹ̀ ti mu omi òjò yó, ó wú, ó há, kò ṣeé ṣí. Ìyàwó káfíńtà na ọwọ́ mú ohun tó sún mọ́ ọn jù lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ti imú rẹ̀ bọ àárín igi, ó fi gbogbo agbára tì í. Ayùn ló mú. Kí fèrèsé tó gbà, ayùn ti tẹ̀ láàárín bí ìgúnpá.

Ayùn wo sì ni? Èyí tí ọ̀gá ọkọ rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Láti ìgbà tí àìsàn ti gba ọwọ́ ọ̀tún ọkọ náà, ilé ló ń jókòó sí, tó ń ka ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló na ìka rẹ̀ márààrún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá wọn, lọ́jọ́ Ajé, màá lọ rẹ́ pákó kan. Ẹyọ kan péré. Ayùn ọ̀gá mi ni màá fi rẹ́ ẹ." Ọjọ́ ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ wá sọ fún mi, ẹnu wo ni yóò fi ròyìn ayùn tó tẹ̀?

Kò ròyìn. Ó fi aṣọ wé e, ó di ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ alágbẹ̀dẹ, ẹni tó ń rọ ọkọ́ àti àdá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀," ni àbúrò wí. "Ṣebí irin náà ni? Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Ó ti ayùn bọ iná bó ṣe ń ti ọkọ́ bọ̀ ọ́, ó ń fẹ́ ewìrì títí irin fi pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Ó lù ú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fi iyanrìn bó o, ó ń dán. Obìnrin náà gbé e sójú, ó wò ó láti ìdí dé imú: ó tọ́ gbọnrangandan. Ó dúpẹ́ títí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ rẹ̀ rọra rìn dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé pákó lé tábìlì iṣẹ́, ó sàmì sí i. Kó tó rẹ́ ẹ, ó ṣe ohun táwọn káfíńtà máa ń ṣe: ó di imú ayùn mú, ó tẹ̀ ẹ́ wá sí ìhà ìdí, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó ta padà. Kò ta. Ó tẹ̀ síbẹ̀ bí awọ tútù.

"Ta ló fi iná sí i?"

"Èmi ni, Bàbá wọn. Mo fi ṣí fèrèsé, ó tẹ̀, mo wá gbé e fún àbúrò mi. Mi ò fẹ́ kí inú yín bàjẹ́ ni."

Ọkùnrin náà kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo.

"Ní tútù ni wọ́n ń lù ú," ó ní, "lórí ìtì igi, díẹ̀ díẹ̀. Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá jókòó tì ọ́, ǹ bá fẹnu kọ́ ọ. À bá jọ ṣe é. Iná ti jẹ agbára rẹ̀ báyìí."

"Ẹ jẹ́ ká lọ ra tuntun."

"Èyí lọwọ́ yìí mọ̀. Kò lókun àtikọ́ òmíràn mọ́."

Ó ti ọwọ́ náà bọ àpò ṣòkòtò, ó ní kó bá òun ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sán gangan ni. Obìnrin náà tì í, ó ń wá ohun tí yóò sọ.

"Aago mélòó ni ká wá ṣí i lọ́la?"

"Ká wá ṣe kí ni?"