Ta Ló Ni Kọ̀ǹpútà Yìí?

"Má fọwọ́ kan tábìlì o! Má tiẹ̀ mí sí i!"

Tíṣà na ọwọ́ kan sẹ́yìn bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró, ó fi ọwọ́ kejì di máòsì mú gírígírí. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì, ò kúkú sún mọ́ tábìlì ọ̀hún rárá. Igun kejì yàrá ló wà, lórí àga tó fi ń ránṣọ, ó ń tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, téèpù tó fi ń wọn aṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Èmi tí mo jókòó síbí láti àárọ̀," ló wí. "Ṣé èémí mi ló máa rìn dé ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún yẹn?"

"Mi ò mọ̀. Ibi tó le la dé yìí."

Ibi tó le ni lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tó wà níwájú Tíṣà yìí, àwọn ìbejì ṣì ń jà lórí ẹni tó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nísinsìnyí, kálukú wọn ti ń san owó ilé tirẹ̀, kọ̀ǹpútà náà sì ti gba orúkọ mìíràn: Àgbà ni wọ́n ń pè é. Línọ́ọ̀sì ló ń fi ṣiṣẹ́, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí kì í fi ẹ̀rọ tó ti darúgbó ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, ó ń ṣe bí ẹni tí òòrùn pa. Nígbà tó sì di ọjọ́ kan, ó kọ̀, kò jí mọ́. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, ìlà funfun kékeré kan ń ṣẹ́jú lókè, ó parí.

Èyí tó jẹ́ obìnrin nínú àwọn ìbejì ti ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun fún wọn. "Ẹ gbé wúruwùru yẹn jù nù, Dádì," ló máa ń sọ lórí fóònù. Ọmọ náà ò mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣe ọnà sára aṣọ ní okùn kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, tí kò sì sí ihò tó gbà á lára kọ̀ǹpútà tuntun. Àgbà nìkan ló ní ihò náà. Láìsí Àgbà, ẹ̀rọ ọnà ò ṣiṣẹ́. Aṣọ ọmọ ilé ìwé sì kún orí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kejì, báàjì nìkan ló kù lára wọn.

Nítorí náà, Tíṣà ti pinnu pé òun máa tún Línọ́ọ̀sì fi sórí Àgbà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ká má purọ́, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìṣirò tó ń kọ́ àwọn ọmọ, kò sí ohun tó mú ara rẹ̀ yá gágá báyìí. Ó ti wo ẹ̀kọ́ lórí fóònù títí ojú fi ń ta á. Ó tiẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ lọ sípàdé, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

"Gbọ́ ohun tó ń bi mí," ló wí, ó tẹjú mọ́ Àgbà. "Ó ní, 'Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yìí la máa pa rẹ́. Ṣé ká máa lọ?' Mo fẹ́ sọ fún un pé ká máa lọ!"

Ìyá Ìbejì gbórí sókè. "Gbogbo ohun kẹ̀? Bátánì mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú fìláàṣì. Mo ti kó gbogbo wọn pamọ́ kí Àgbà tó dákú. Fọkàn balẹ̀."

"Fìláàṣì wo?"

"Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀."

"Ẹ dúró ná." Ìyá Ìbejì gbé ṣòkòtò sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí i."

Bátánì ọ̀hún kì í ṣe ohun eré. Gbogbo ọnà tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà láti ọdún gbọọrọ ni, àti fọ́tò gbogbo aṣọ tó ti fi wọ́n ṣe. Báàjì ilé ìwé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹyẹ tó na ìyẹ́ lórí ìwé tó ṣí sílẹ̀. Bí wọ́n bá lọ, wọ́n lọ nìyẹn, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ní irú wọn láyé.

Fìláàṣì méjì ló wà nínú ilé náà, pupa ni méjèèjì, wọ́n jọra bí ọmọ ìyá kan. Ìyá Ìbejì ló rà wọ́n pọ̀. Ẹni tó bí ìbejì mọ bí wọ́n ṣe ń dá ohun tó jọra mọ̀, télọ̀ sì ni, kò ṣòro fún un. Ó ti so òwú búlúù mọ́ èyí tó jẹ́ ti bátánì, ó so òwú funfun mọ́ èyí tó jẹ́ ti Tíṣà. Ó wá fa dúrọ́ọ̀ yìí, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú fìláàṣì kan jáde. Òwú funfun ń fì dirodiro lára rẹ̀.

"Funfun rèé," ló wí. "Búlúù dà?"

Ojú àwọn méjèèjì bá ara wọn lára fìláàṣì tó wà lẹ́nu Àgbà, èyí tí Tíṣà gbé Línọ́ọ̀sì tuntun sí. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Nínú ihò kékeré tó wà nídìí rẹ̀, òwú búlúù bíńtín kan yọ jáde bí irùngbọ̀n ọmọ ewúrẹ́.

"Ta ló gé òwú mi?"

"Ó ń dí ẹnu ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀."

"Kí lẹ fi gé e?"

"Sísọ́ọ̀sì."

"Sísọ́ọ̀sì aṣọ mi?"

"Ìyá Ìbejì, ti sísọ́ọ̀sì kọ́ la wà yìí."

Ó wá rántí gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti kó bátánì sínú èyí tó ní òwú búlúù, ó sì ti gé òwú náà. Nígbà tó wá ń wá fìláàṣì tó ṣófo tó máa gbé Línọ́ọ̀sì sí, ó rí ọ̀kan tó ní òwú, ó rí ọ̀kan tí kò ní. Ó ronú bí olùkọ́ ìṣirò: èyí tó ní òwú ló ṣe pàtàkì, èyí tí kò ní òwú ò ṣe pàtàkì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi Línọ́ọ̀sì sórí iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀. Bí a bá sì fi Línọ́ọ̀sì sínú fìláàṣì lọ́nà yẹn, ńṣe ló máa ń gbá ohun tó bá níbẹ̀ dànù. Tíṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun gan-an ló ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Ìbejì lánàá lórí oúnjẹ.

Ojú tì í.

"Mo ti pa wọ́n rẹ́," ló wí. "Àwọn tó wà nínú fìláàṣì. Ẹ̀bi mi ni."

Ìyá Ìbejì ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó ṣì wà lórí máòsì.

"Ìbéèrè tó bi yín yẹn," ló wí jẹ́jẹ́. "Pé ṣé ká máa lọ. Ṣé ẹ ti dá a lóhùn?"

"Mi ò tíì dá a lóhùn."

"Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀."

Tíṣà gbé e kúrò bí ẹni tí iná jó. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Lójijì ló pàtẹ́wọ́ gbà!

"Mi ò tíì dá a lóhùn! Ìyá Ìbejì, kò tíì pa nǹkan kan rẹ́ nínú Àgbà! Orí Àgbà ló dàrú, àpò rẹ̀ ò jò. Ohun tó wà níbẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀!"

"'Lè' kẹ̀? Ẹ bá mi yọ 'lè' kúrò níbẹ̀."

"Jókòó tì mí. Jókòó síbí."

Ó tẹ bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn títí wọ́n fi kúrò níbi ìbéèrè burúkú yẹn. Ohun kan wà tó kọ́ lórí fóònù tí kò kà sí tẹ́lẹ̀: Línọ́ọ̀sì inú fìláàṣì lè dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó ṣí kọ̀ǹpútà láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, bí àlejò tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò tíì gbé ẹrù wọlé. Ó yan ìyẹn. Àgbà kùn, ó wú ikọ́, ó dákẹ́. Ìyá Ìbejì ti di apá ọkọ rẹ̀ mú láìmọ̀.

Ojú Àgbà mọ́lẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Ó jí!" ni Tíṣà wí.

"Ẹ má yọ̀ ná. Bátánì mi dà?"

Ó wọ inú ibi ìkẹ́rùsí Àgbà, ó ṣí fódà kan, ó ṣí òmíràn. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn tú jáde, wọ́n tò lọ sísàlẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà: òdòdó olórí mẹ́ta, ìrù ẹja, ewé tó wé mọ́ra, báàjì. Ìyá Ìbejì ń dárúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sí i.

"Ẹ ṣí báàjì! Ẹ ṣí i kí n rí i!"

Ẹyẹ náà yọ, ìyẹ́ rẹ̀ pé, ìwé wà lábẹ́ rẹ̀. Igbe tí Ìyá Ìbejì ké, ará ilé kejì bi wọ́n láti ojú fèrèsé pé ṣé kò sí wàhálà. Ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n jó yí àga ká, wọ́n gbá agolo bọ́tìnnì ṣubú, bọ́tìnnì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á.

"Kíá, ẹ kó wọn pamọ́," ló wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó na fìláàṣì olówùú funfun sí i.

Tíṣà kì í bọ̀ ọ́, ó wò ó, ó họ orí. "Ó ti kún."

"Kí ló kún ibẹ̀?"

"Bọ́ọ̀lù."

"Bọ́ọ̀lù wo?"

"Àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àtijọ́. Àwọn tó dára. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kó wọn jọ."

Ìyá Ìbejì wò ó láti òkè délẹ̀. "Tíṣà, àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn ti ní ọmọ-ọmọ. Ẹ mọ ẹni tó jẹ, ẹ mọ ẹni tí wọ́n jẹ. Kí lẹ tún ń dúró dè?"

Tíṣà pa wọ́n rẹ́. Ó dùn ún, irọ́ kọ́, àgàgà ọ̀kan tí wọ́n jẹ góòlù nígbà tí olùdarí ti fi fèrè sẹ́nu. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí bátánì tó ń wọlé sípò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ara tù ú. Ìyá Ìbejì ní kó ṣí wọn nínú fìláàṣì kóun rí i pé wọ́n pé. Wọ́n pé. Ìyá Ìbejì tú òwú funfun kúrò, ó so búlúù mọ́ ọn, ó so ó mọ́ téèpù ọrùn rẹ̀. Ẹni tó bá máa gé èyí, àfi kó kọ́kọ́ gba ọrùn rẹ̀ kọjá.

Wọ́n padà síbi ìbéèrè. Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yìí la máa pa rẹ́, ṣé ká máa lọ? Tíṣà sún máòsì sí ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ ló máa dá a lóhùn."

Ìyá Ìbejì nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lójú Àgbà, láti òsì lọ sí ọ̀tún. Tíṣà ò lè jókòó. "Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀," ló ń wí bí àwọn tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, "ó ti kọjá ìdajì pápá, ó dúró díẹ̀, kí ló dé? Ó tún gbéra!" Ìyá Ìbejì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀.

Bí ìlà náà ti ń lọ, Àgbà tún béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn. Orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà yìí ló fẹ́ mọ̀, àti páásíwọ́ọ̀dù tó máa fi ṣí i.

Tíṣà tẹ T. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn nígbà àkọ́kọ́. Látìgbà náà, orúkọ rẹ̀ ló wà lójú Àgbà, òun nìkan ló sì mọ páásíwọ́ọ̀dù. Ní àràárọ̀, Ìyá Ìbejì á pè é láti yàrá ìránṣọ: "Tíṣà, ẹ wá bá mi ṣí i o." Òun náà á dáhùn láti pálọ̀ pé, "Mò ń bọ̀," kò sì ní dìde àfi bí bọ́ọ̀lù bá dé ìsinmi. Ó ti máa ń rò pé ìtọ́jú lòun ń ṣe, pé òun ń bá obìnrin náà ṣọ́ nǹkan rẹ̀. Ó wo T kan ṣoṣo tó wà lójú Àgbà, ó sì wo òwú búlúù tó wà lọ́rùn ìyàwó rẹ̀. Ó pa T náà rẹ́, ó dìde.

"Bọ́ síbí," ló wí.

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ó ní ta ló ni kọ̀ǹpútà yìí. Dá a lóhùn."

Ìyá Ìbejì wò ó fún ìgbà díẹ̀ bóyá ó ń ṣeré. Nígbà tó rí i pé kò ṣeré, ó jókòó, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn: TÉLỌ̀. Nígbà tó kan páásíwọ́ọ̀dù, ó yíjú.

"Ẹ kọjú sí ògiri."

"Èmi náà?"

"Ta ló tún wà níbí?"

Tíṣà kọjú sí ògiri. Ó gbọ́ bí bọ́tìnnì kííbọ́ọ̀dù ṣe ń ró, páásíwọ́ọ̀dù náà gùn bí ọ̀nà oko, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ògiri.

Nígbà tí Àgbà tún jí, wàràwàrà ló jí, bí ẹni tó sùn dáadáa. Ìyá Ìbejì ṣí i fúnra rẹ̀, ó kó bátánì rẹ̀ wọlé. Tíṣà ki okùn ẹlẹ́nu ọ̀pọ̀lọ́ bọ ihò. Ẹ̀rọ ọnà tají, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí aṣọ ilé ìwé, àgógó ẹyẹ yọ, lẹ́yìn náà orí rẹ̀. Wọ́n dúró tì í, wọ́n ń wò ó bíi pé wọn ò rí irú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Tíṣà yọ́ padà sídìí Àgbà láti lọ wo bó ṣe yára tó. Àgbà ti ti ara rẹ̀ pa. Páásíwọ́ọ̀dù ló ń béèrè. Tíṣà fi tàtijọ́ dán an wò, Àgbà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Tíṣà wú ikọ́.

"Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́, wá bá mi ṣí i."

"Mò ń bọ̀," ni Ìyá Ìbejì dáhùn.

Tíṣà gbọ́wọ́ lé itan, ó ń dúró. Ìyàwó rẹ̀ ò sì kúrò nídìí ẹ̀rọ títí ẹyẹ náà fi ní ìyẹ́ méjèèjì.