Ìbọn Afẹ́fẹ́ Tí Desmond Tranter Dán Wò

Ní Willenhall, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ìdajì àwọn àgbàlagbà ti fi ọjọ́ ayé wọn ṣe kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo, bí Desmond Tranter bá sọ pé ìbọn afẹ́fẹ́ kan dára, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń dán ìbọn wò fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi yíyìnbọn sí àmì ṣeré, ojú ewé mẹ́rin péré tí wọ́n ń pín ní yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Ohun tó ń rí gbà ni pé, bó bá ti wọlé, wọ́n á fún un ní àga, wọ́n á ní, "Des, èwo ni kí n rà?" Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ àgádágodo ti ní kó lọ sinmi, ìbéèrè yẹn nìkan ló kù tó ń gbé e dìde lórí ibùsùn láàárọ̀.

Ká má purọ́, ó ní ìgbéraga díẹ̀. Àwọn mìíràn tó ń dán ìbọn wò máa ń jókòó, wọ́n á gbé ọwọ́ lé àpò iyanrìn kí ìbọn má baà mì. Desmond kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Á dúró ṣánṣán, á ki ọwọ́ òsì bọ àpò ṣòkòtò, á wá na ọwọ́ ọ̀tún nìkan. "Ẹni tó máa rà á kò ní máa gbé àpò iyanrìn kiri," ló máa ń wí. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ló fi fáìlì irin rẹ́ kọ́kọ́rọ́ fún ogójì ọdún, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé e ju bó ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

Ní oṣù kẹta ni Rosalind Pugh, tó ni ṣọ́ọ̀bù ìbọn nílùú náà, fi tuntun kan ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ṣe é kó jọ ìbọn ìléwọ́ ológun àtijọ́, kò sì sí ohun tí wọ́n gbàgbé. Irin ni gbogbo ara rẹ̀. Bí èèyàn bá yìn ín, òkè rẹ̀ á fà sẹ́yìn bí ti ojúlówó. Àfi tí èèyàn bá ṣí ìdí rẹ̀, tó rí agolo gáàsì kékeré tó ń ti ọta jáde, ni yóò tó mọ̀ pé kì í ṣe ojúlówó. Avis ìyàwó Desmond bá a lórí tábìlì ìdáná, ó fò sẹ́yìn.

"Desmond! Ta lo fẹ́ pa?"

"Afẹ́fẹ́ ló ń tì í, Avis. Eku tó ń ṣàìsàn gan-an, kò lè pa á."

"Kí ọlọ́pàá tó bi ọ́ bóyá ojúlówó ni, wọ́n á ti kó ọ lọ. Má jẹ́ kó jáde nínú àpótí rẹ̀ o. Kí sì lo ń fi òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun mi ṣe?"

Ó ń wọn ìbọn ni. Bí ojúlówó ṣe wúwo ló ṣe wúwo gẹ́lẹ́. Ó fi òṣùwọ̀n apẹja wọn bí irin tí ìka ń fà ṣe le tó, ó rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó wo gbogbo oríkèé rẹ̀, kò sí ibi tí gáàsì ti ń jò. Inú rẹ̀ dùn. Ó mú un lọ sí gáréèjì tó wà lẹ́yìn ilé, ó gbé páálí àmì sí ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ó sì yin ọta márùn-ún.

Ọta márùn-ún tó yẹ kí owó ẹyọ kan bò mọ́lẹ̀ fọ́n káàkiri páálí bí àgbàdo tí a dà fún adìẹ.

Ó pààrọ̀ ọta, nítorí ìbọn kan lè kọ irú ọta kan. Bákan náà ni. Ó pààrọ̀ gáàsì. Ó tún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè le. Ó gbé ẹ̀rọ amúlégbóná wọ gáréèjì, torí pé gáàsì kò fẹ́ràn òtútù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá irin jà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ta ni yóò sọ fún ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ wà lára òun? Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ìbínú kọ ọ́ pé: "Ojú ìbọn ló ní, kò ní inú ìbọn. Ẹ má rà á."

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Norris Hackett wá gba ìwé náà, torí òun ló ń tẹ ìwé ìròyìn jáde. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni òun àti Desmond ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélógún. Ó bu kéèkì Avis sẹ́nu, ó sún ìwé mọ́ ojú.

"Ṣé èèrà lo ní kó bá ọ kọ ọ́ ni? Lóṣooṣù ni lẹ́tà rẹ ń kéré sí i."

"Lọ ra awò ojú tuntun."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni." Ó kà á dé ìsàlẹ̀. "Ó burú tó báyìí? Rosalind á sunkún o. Jẹ́ kí n fojú ara mi rí ìyà náà."

Norris yìí, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí wọ́n bá tì í mọ́ inú yàrá, kò ní yìnbọn ba ògiri. Ó dúró ní gáréèjì pẹ̀lú kéèkì lẹ́nu, ó yin márùn-ún. Wọ́n rìn lọ wo páálí. Gbogbo ọta ti wọ ojú kan.

"Áà! Ẹ wá wò mí!" Norris ń jó. "Des, ṣé o rí i? Lọ sọ fún wọn nílé ọtí pé ọba ti dé!"

"Yìn ín sí i," ni Desmond wí.

Ó yin márùn-ún mìíràn. Ojú kan náà ni. Norris yíjú padà tẹ̀ríntẹ̀rín, ó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀.

Desmond gba ìbọn, ó na ọwọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì kò wo àmì, ẹnu ìbọn ni wọ́n ń wò. Ó ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró.

"Òtútù ni," ni Norris wí. "Gáréèjì yìí tutù jù."

"Kò tutù nígbà tí ìwọ ń yìn ín."

"Gbọ́, kí ló wá le níbẹ̀? Èmi á máa yìn ín, ìwọ á máa kọ ọ́. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Des..."

"Máa lọ sílé, Norris. Mo máa mú ìwé náà wá fúnra mi."

Nígbà tó wọ ilé ìdáná, Avis ń bó ànàmọ́. Kò gbé orí sókè.

"O ti mọ̀," ni Desmond wí.

"Láti Kérésìmesì. Ife tíì máa ń dún lórí àwo bí o bá ń gbé e bọ̀."

"O ò wá sọ fún mi?"

"Mo rò pé bí n kò bá sọ ọ́, kò ní jẹ́ òótọ́." Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mo ti bá ọ gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ méje ni mo ti ń wá ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́."

Desmond jókòó. Bàbá rẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn. Ọwọ́ tirẹ̀ náà gbọ̀n títí kò fi lè gbé ṣíbí mọ́. Ìyá Desmond ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, bàbá náà á sì di ojú. Desmond jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, ojú máa ń tì í, á gbé àwo tirẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò jẹun pẹ̀lú bàbá rẹ̀ rí títí wọ́n fi sin ín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó sunkún, Avis sì dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Desmond ní kí Avis bá òun tẹ ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà. Ó ń pè é, Avis ń tẹ̀ ẹ́: bó ṣe wúwo, bí irin rẹ̀ ṣe rọ̀ lábẹ́ ìka, bí ọta márùn-ún ṣe wọ ojú kan ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ́wọ́ Norris Hackett.

"Wọ́n á béèrè ìdí tó fi jẹ́ lọ́wọ́ Norris."

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Kọ ọ́ pé: ìbọn náà dára, ẹ rà á. Ọwọ́ ẹni tó dán an wò ni kò dára mọ́. Ẹ wá ẹlòmíràn."

Avis gbé ọwọ́ kúrò. "Mi ò kọ ìyẹn. Sọ pé o fẹ́ sinmi. Ta ló máa bá ọ jà?"

"Ìbọn méjì ni mo bà lórúkọ jẹ́ lọ́dún tó kọjá, Avis. Mi ò mọ̀ mọ́ bóyá ìbọn ni. Àwọn tó gbọ́ tèmi gbọ́dọ̀ mọ̀. Kọ ọ́."

Avis kọ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú bírò pé kó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kẹ́yìn sí i, kò sì yíjú padà títí Desmond fi kọ orúkọ rẹ̀ tán. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán.