Ìbò tí Yẹ̀kínì Dì lórí Halden

Nígbà tí Yẹ̀kínì Ajíbóyè kó dé ẹ́sítéètì Halden ní Peckham lọ́dún 1978, òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni Yorùbá tó wà níbẹ̀. Ọmọ Ìwó ni. Ó ń fọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì, Àsúmáù ìyàwó rẹ̀ sì ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ohun tó jẹ́ kí káńsù tètè fún wọn ní fúláàtì ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Àwọn òyìnbó ibẹ̀ ń kó jáde, inú sì ń bí àwọn tí kò ríbi kó lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnì kan ti ìgbẹ́ ajá bọ inú ihò tí lẹ́tà ń gbà wọlé. Àsúmáù kó o, ó fi Dẹ́tọ́ọ̀lù fọ ilẹ̀, ó wá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "A ò ní í kó lọ o. Ibo la fẹ́ kó lọ?"

Wọn ò kó lọ. Kò pé ọdún méjì tí ìdílé Yorùbá mẹ́rin mìíràn fi dé. Nígbà tó fi máa di ọdún 1990, kò sí àjà kan ní Halden tí èèyàn kò ti ní í gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, wọ́n á ní kó lọ sí Halden, kó béèrè Yẹ̀kínì. Yẹ̀kínì mọ fọ́ọ̀mù tó yẹ kéèyàn kọ, ó mọ iléèwé tí kì í dá ọmọ aláwọ̀ dúdú padà, ó mọ dókítà tó ní sùúrù. Òun ló bá káńsù fa ọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà kí àwọn Mùsùlùmí máa kírun nínú yàrá tí wọ́n ti ń fọ aṣọ tẹ́lẹ̀.

Nígbà òtútù ọdún 1984 ni Adéníkẹ́ dé. Ọkùnrin tó torí rẹ̀ wá sí London ti fẹ́ ẹlòmíì, oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye ni Yẹ̀kínì ti bá a, ó gbọ́ tó ń fi Yorùbá sunkún, ó bá mú un wálé. Àsúmáù ò béèrè ohunkóhun. Ó gbé omi gbígbóná fún un kó fi wẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni Adéníkẹ́ fi bá wọn gbé, ọwọ́ Àsúmáù ló sì bí Wùmí ọmọ rẹ̀ sí kí áńbúláǹsì tó dé. Lẹ́yìn náà ni Yẹ̀kínì bá a gba fúláàtì tó kọjú sí tiwọn. Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn méjèèjì kì í sábà wà ní títì lọ́sàn-án. Bí Àsúmáù bá se ọbẹ̀, Adéníkẹ́ á tọ́ ọ wò. Tí ààwẹ̀ bá dé, Adéníkẹ́ tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń kan ilẹ̀kùn jí wọn fún sààrì.

Lọ́dún 2002, àwọn ará Halden ní kí Yẹ̀kínì lọ du ipò káńsẹ́lọ̀.

"Èmi tí mo ń fọ bọ́ọ̀sì?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá Rahmah," ni Adéníkẹ́ dáhùn. "Ta ló tún mọ ibi tí ilé wa ti ń jò?"

Ó wọlé. Ọdún méjìlá ló lò níbẹ̀. Ó jà títí lífíìtì fi ṣiṣẹ́, ó gba iná sí ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń já báàgì gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Nígbà tó yá, òun àti Àsúmáù ra ilé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Peckham Rye, àmọ́ ojoojúmọ́ ni Àsúmáù ṣì ń rìn lọ sí Halden lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọdún 2011 ni káńsù ní àwọn fẹ́ wó Halden. Wọ́n ní àwọn á kọ́ ọ tuntun, ẹni tó bá sì fẹ́ padà síbẹ̀ á padà. Wọ́n ní káwọn ará ibẹ̀ fọwọ́ sí i kó lè yá. Yẹ̀kínì ló gbé ìwé náà kiri láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Ká ní òyìnbó ló gbé e wá ni, wọn ì bá lé e.

"Alhaji, ṣé ó dá yín lójú?" Àsúmáù bi í.

"Ó dá mi lójú."

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Adéníkẹ́, Adéníkẹ́ fún un ní ìjókòó, ó wo ìwé náà pẹ́. "Bàbá Rahmah, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí n fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni."

Ó fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ ìpàdé káńsù, Yẹ̀kínì náwọ́ sókè pẹ̀lú àwọn tó ní kí wọ́n wó o.

Bí wọ́n ṣe tú àwọn èèyàn ká nìyẹn. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí Croydon, wọ́n kó àwọn kan lọ sí Thamesmead. Adéníkẹ́ bá ara rẹ̀ nílùú kan létí òkun ní Kent, níbi tí kò ti mọ ẹnì kankan. Ilé tuntun dìde lóòótọ́, gíláàsì lókè, gíláàsì nísàlẹ̀, àmọ́ nínú irínwó ìdílé tó kúrò, àwọn tó padà ò tó ọgbọ̀n. Yẹ̀kínì ò du ipò mọ́ lọ́dún 2014. Kò sẹ́ni tó bú u. Tó bá ń kọjá ní Rye Lane, wọ́n ṣì ń kí i pé "Alhaji Káńsẹ́lọ̀," torí wọ́n gbà pé káńsù tan òun náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àsúmáù gbà. Orúnkún ò jẹ́ kó lè máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, orí fóònù ni wọ́n ti ń ríra.

Ní February ọdún 2024, Àsúmáù pe Adéníkẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò gbé e. Ó pe Wùmí ní Manchester, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọlọ́pàá ló já ilẹ̀kùn. Orí àga ní kíṣìnì ni wọ́n bá a, ó ti kú láti ọjọ́ tí Àsúmáù ti kọ́kọ́ pè é. Ọkùnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá pé òun ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbé lókè orí ọkùnrin náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Hamid, ọmọ Halden tó jẹ́ káńsẹ́lọ̀ báyìí, wá sọ pé káńsù fẹ́ fi orúkọ Ajíbóyè pe gbọ̀ngàn tó wà láàárín àwọn ilé tuntun náà. Yẹ̀kínì ní òun gbọ́. Hamid ò mọ ìdí tí kò fi rẹ́rìn-ín.

Peckham ni wọ́n ti ṣe ìsìn òkú. Àwọn ará Halden wá láti gbogbo ibi tí wọ́n fọ́n wọn ká sí, wọ́n ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń béèrè àwọn tó ti kú. Lẹ́yìn ìwàásù, Yẹ̀kínì dìde, ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn rò pé ó fẹ́ yin òkú ni.

"Ká tó dìbò lórí Halden," ó ní, "wọ́n fi ìwé kan han àwa káńsẹ́lọ̀. Ó wà níbẹ̀ pé ilé tó máa wà fún yín ò ní í tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Mo kà á, ó sì yé mi. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá ta kò wọ́n, wọ́n á lé mi síta, pé tí mo bá wà láàárín wọn, màá lè yí i padà. Mi ò yí nǹkan kan padà. Mo ti mọ̀ nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn Adéníkẹ́. Mo ti mọ̀ nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn gbogbo yín."

Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn, ó mú kóòtù rẹ̀, ó jáde. Àsúmáù tó jókòó níwájú ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Wùmí ló wá bá a níbi tó dúró sí. "Uncle," ó ní, "Mummy mọ̀."

"Kí ló mọ̀?"

"Ó mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó ní ẹ ò lè wo ojú òun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé Mummy, please, ẹ má sign. Ó ní, 'Ẹni tó gbé mi nílẹ̀ nígbà tí mo lóyún ẹ, ṣé èmi ni mo máa kọ́kọ́ pè é lónírọ́?'"

Yẹ̀kínì fẹ́ kúnlẹ̀, Wùmí dì í lápá mú.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Mi ò lè sọ pé ó ti tán, Uncle. Mi ò lè purọ́ níwájú pósí Mummy. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó."

Ó lọ jókòó. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àsúmáù ṣófo, àmọ́ ó kọjá rẹ̀ lọ sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n délé, Àsúmáù ò bọ́ gèlè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ó kéré tán ọdún méjìdínláàádọ́ta, kò pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí.

"Ọdún mẹ́tàlá," ó ní. "Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń ṣépè fún àwọn káńsù lórí àdúrà, ìwọ jókòó tì mí, ò ń ṣe àmín. Kí lo ń wá gan-an, Yẹ̀kínì?"

Yẹ̀kínì rò ó dáadáa kó tó dáhùn, torí kò fẹ́ tún purọ́. "Ó ń dùn mọ́ mi tí wọ́n bá ń pè mí sí ìpàdé," ó ní. "Mo fẹ́ràn àga yẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbà á."

Àsúmáù mi orí. "Ká ní o sọ fún mi ni, èmi ì bá kan àwọn ilẹ̀kùn yẹn padà. Èmi ì bá fi ẹsẹ̀ mi yìí rìn dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn."

Lọ́jọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìn òkú náà, Rahmah ọmọ wọn fi mọ́tò gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Luton, níbi tó ń gbé. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ni. Yẹ̀kínì kọ̀wé sí Hamid pé kí wọ́n má fi orúkọ òun pe ohunkóhun, Hamid sì wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò gbà. Nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, orúkọ igi kan ni wọ́n fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù mẹ́jọ. Láràárọ̀ ni Yẹ̀kínì ń pe Luton. Àsúmáù kì í kọ̀ ọ́, ó ń gbé e. Wọ́n á kí ara wọn. Àsúmáù á béèrè bóyá ó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, bóyá ilé ò tutù jù. Yẹ̀kínì á ní kò tutù. Á fẹ́ bi í ìgbà tó máa padà wálé, ọ̀rọ̀ náà á dé ẹnu rẹ̀, àmọ́ Àsúmáù á ti ní ó dìgbà kan ná, á sì gbé fóònù sílẹ̀.