Àsè Tó Tú Ẹgbẹ́ Ká

"Ẹ dárúkọ ọ̀rẹ́ yín kan fún mi, ọ̀gá," ni Barno wí. "Ẹni tó mọ̀ yín kí ilé iṣẹ́ yìí tó wà."

Ìwé ni ọmọbìnrin náà ń kọ, ìtàn ayé àwọn oníṣòwò ńlá ìlú Namangan nílẹ̀ Uzbekistan. Ti Sobit, ọ̀gá tó ń bá sọ̀rọ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí: bó ṣe ń rán bàtà lábẹ́ àtẹ̀gùn, títí tó fi di ẹni tó ń kó bàtà ránṣẹ́ sókè òkun. Ó ku kí ọ̀rẹ́ kan sọ tẹnu rẹ̀. Sobit ní kó lọ bá Hamdam onígbàjámọ̀, torí kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà.

Lọ́jọ́ kejì, Barno padà dé, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní bàbá náà gba òun tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu tíì fún òun, àmọ́ bí òun ṣe dárúkọ Sobit, ó ní òun kò ní ọ̀rọ̀ kankan, kí òun lọ bi akọ̀wé owó Sobit.

Ọ̀rọ̀ náà dun Sobit wọra. Ká má parọ́, ọkùnrin náà kò lẹ́nì kan. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọkùnrin rẹ̀ wà ní Moscow nílẹ̀ Rọ́ṣíà, ọmọbìnrin rẹ̀ wà nílé ọkọ. Ẹgbẹ́ ló kù, àwọn tí wọ́n jọ dàgbà. Ní Namangan, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pàdé nílé tíì, wọ́n á se palov, ìrẹsì ẹlẹ́ran, ẹni tó bá kàn ló ń gbọ́ bùkátà. Ọkùnrin tí kò bá ní irú ẹgbẹ́ yìí, ọmọ òrukàn ni, kó lówó títí. Láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ni wọn kò ti pe Sobit mọ́. Ìlara ni, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Ó lọ bá Hamdam ní ṣọ́ọ̀bù. Hamdam fá irùngbọ̀n oníbàárà rẹ̀ tán, onítọ̀hún lọ, kó tó dá a lóhùn.

"Ṣé o rántí ìgbà tó kàn ọ́ kẹ́yìn? Palov la ní kí o sè. O pa ẹṣin, ẹran olówó ńlá. O gbé olórin wá. O tún wọ ẹ̀wù tuntun fún olúkúlùkù wa."

"Mo fẹ́ kí inú yín dùn ni."

"Inú wa dùn. Lẹ́yìn ẹ ló wá kan Kudrat." Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Kudrat, ọmọbìnrin ló kún ilé rẹ̀. "Kudrat fẹ́ ta màlúù ilé ẹ̀ kó lè ṣe bíi tìẹ. Wàrà màlúù yẹn ni wọ́n ń tà jẹun. Ìyàwó ẹ̀ ló wá sunkún bá mi. Mo bá ní ẹgbẹ́ ti tú ká. A lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn, a ò sọ fún ọ."

"Ẹ ò bá ti bá mi wí."

"Ta ló ń bá olówó wí pé oúnjẹ ẹ̀ pọ̀ jù?" Hamdam ká aṣọ ìnura rẹ̀. "Ọjọ́ Àìkú, ilé tíì ẹ̀bá odò. Kudrat ló kàn. N ò pè ọ́ o, mo kàn ń sọ ọ́ ni."

Lọ́jọ́ náà, odindi àgùntàn wà lẹ́yìn mọ́tò Sobit, pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti àpótí èso ápù. Lọ́dọ̀ wọn, ènìyàn kì í wọlé onílé lọ́wọ́ òfìfo. Ìtìjú gbáà ni. Ó dé ẹnu géètì, ó gbọ́ òórùn àlùbọ́sà, ó gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ẹ̀rù bà á. Ó ní kí awakọ̀ rẹ̀ kó gbogbo ẹrù náà padà sílé, ó sì fẹsẹ̀ rìn wọlé.

Ẹ̀rín dá. Wọ́n ń dìde láti fún un ní àyè ọlọ́lá lókè. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó, ó sì jókòó sídìí ilẹ̀kùn. Kudrat na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹrù kan ń bọ̀. Kò sí nǹkan tó ń bọ̀.

"Ẹran inú palov yìí ò pọ̀ o," ni Kudrat wí.

"Ṣé mo bi ọ́ ni? Ebi ń pa mí."

Kudrat sún fún un.

"Bọ́ síbí, alákọrí. Òtútù wà lẹ́nu ọ̀nà."

Sobit dìde, ó lọ jókòó tì í.