Adìẹ Ogójì Lórí Iná Gáàsì

Ojú wọn ṣe mẹ́rin láàárín èéfín. Ọ̀sán Ẹtì ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ilé oúnjẹ náà ní Ìkẹ́rẹ́ fọ́fọ́, gbogbo wọn ń pariwo pé, "Àǹtí, adìẹ mi dà?" Moyinolúwa gbé orí sókè nídìí gíríìlì, omijé èéfín lójú rẹ̀, ó sì rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tí kò pariwo rárá. Ó kàn ń wò ó ni. Àyà Moyin já bí ìgbà tí okùn korobá já sínú kànga.

Dúrótoyè lorúkọ rẹ̀, ọ̀gá nídìí gíríìlì gáàsì. Màdáámú Fúnkẹ́ tó ni ilé oúnjẹ ló pè é láti Adó, kí ó wá wo ẹni tó ń ba adìẹ òun jẹ́.

Moyin ń bà á jẹ́ lóòótọ́. Ọdún mẹ́fà ni Moyin ti fi yan ẹran lórí àgbá èédú, ẹnu gbogbo ayé ló ń yìn ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí gíríìlì gáàsì ti dé, adìẹ a lẹ̀ mọ́ irin, awọ a ya, òde a dúdú, ẹ̀jẹ̀ a sì wà nínú.

Dúrótoyè kò bo ọ̀rọ̀ náà. "Àbúrò, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Màdáámú ti kọ lẹ́tà ìyọníṣẹ́ rẹ, ọwọ́ mi ló wà. Tí adìẹ Sátidé tó ń bọ̀ bá bàjẹ́, ó ní kí n fún ẹ."

"Ẹ kúkú fún mi báyìí, kí n máa lọ sí Orun, ìlú wa, lọ gbin ẹ̀gẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Tan iná, dé e, fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí irin lè gbóná. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ojú irin. Ẹran ni kí o pa òróró sí lára, kì í ṣe irin. Kí iná ọ̀tún le, kí tòsì rọra. Má sì fa ẹran náà. Tó bá tó àkókò, á ṣí fúnra rẹ̀."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Láìsí nǹkan kan lórí iná?"

"Láìsí nǹkan kan."

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ní Orun, bí ìkòkò bá ti kúrò lórí ààrò, màmá Moyin yóò fa igi jáde. "Uná kì í jó lásán lúlé wa," ló máa ń wí. "Ẹni tó dáná òfo, oko ọmọ rẹ̀ ló ń sun."

Nígbà tí Dúrótoyè dúró tì í, ó rọ́jú, ó jẹ́ kí iná jó. Adìẹ ṣí kúrò lójú irin wẹ́rẹ́, ilà irin hàn lára rẹ̀ bí ilà ojú àgbà. "Ọwọ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n, Moyin mi," ni ọkùnrin náà wí. "Mi" yẹn ni Moyin gbé lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin.

Sátidé dé. Àwọn olùkọ́ kan ń ṣe ìdágbére fún ẹlẹgbẹ́ wọn kan tó fẹ̀yìn tì. Ogójì adìẹ ni wọ́n ní kí Moyin yan. Màdáámú ní kí Dúrótoyè jókòó ti òun lọ́dọ̀ àlejò. Moyin nìkan ló kù nídìí iná. Ó tan án. Iná ń hó fùù, irin ṣófo. Ìṣẹ́jú kan. Méjì. Mẹ́ta. Ó dà bíi pé màmá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó pa iná náà.

Nígbà tí wọ́n ké sí i pé oúnjẹ dà, ó sáré tan iná, ó kó adìẹ lé irin tútù. Wọ́n lẹ̀. Ó fà wọ́n, awọ kù sílẹ̀. Ó mú iná le sí i. Ọ̀rá kán, ọwọ́ iná bú sókè.

Màdáámú Fúnkẹ́ gé èyí àkọ́kọ́. "Ẹ gbà mí o! Òde ti kú, inú ṣì ń kọ!" Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín.

Dúrótoyè bá a lẹ́yìn ilé ìdáná. "Kí ló dé, Moyin? Ṣebí mo kọ́ ẹ."

"Mi ò lè wò ó kó máa jó lásán."

Moyin ń retí ọ̀rọ̀ kan, ọ̀kan péré, kódà kó jẹ́ irọ́. Ọkùnrin náà ti ọwọ́ bọ àpò, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi na lẹ́tà náà sí i, bí ẹni ń fún àgbà ní nǹkan. Moyin kúnlẹ̀, ó gbà á.