Ìgbà Wo La Ń Lọ Sílé?

Kí ni kí n wí? Kí ni mo fẹ́ wí fún wọn báyìí… "Tẹjú, ìgbà wo la ń lọ sílé?" Bí Màmá ṣe bi mí láàárọ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń ro ògì wọn lọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ilé wo? Ṣé Ìlá kọ́ la wà yìí ni? Ilé tí wọ́n fi iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá nílùú òyìnbó kọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣé òun kọ́ rèé? Èmi ni mo mú wọn wá kí wọ́n lè wá sinmi. Lọ́la, èmi nìkan ni mò ń padà sí Leeds. Wọ́n mọ̀. Àbí wọn ò mọ̀ ni?

Ó rẹ̀ mí.

Ìlá, Ìlá, Ìlá — orúkọ tí wọ́n fi tọ́ èmi àti Kọ́lájọ àbúrò mi nìyẹn. Bí Màmá bá ti ibi iṣẹ́ dé nínú òtútù, tí ọwọ́ wọn le bí igi: "Ní Ìlá, oòrùn ò ní jẹ́ kí ọwọ́ èèyàn rí báyìí." Bí ará ilé kejì bá kọjá láì wojú wa: "Ní Ìlá, ta ni yóò kọjá lára ẹ láì kí ẹ?" Èmi tí mi ò dé Ìlá rí, mo ń lá àlá rẹ̀. Mo rò pé wọn kì í sunkún níbẹ̀.

Àwọn ará Ìlá sì kí wa lóòótọ́ nígbà tá a dé. Ilé kún. Àmọ́ àwọn tí Màmá ń retí ńkọ́… "Dàda ńkọ́?" Àǹtí Bọ́láwùmí, àbúrò Màmá, mi orí. "Ìyá Elijah ńkọ́, tá a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì?" "Ó ti pẹ́ tó ti ṣaláìsí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ fún yín lórí fóònù." Màmá ò béèrè ẹnikẹ́ni mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń wo ọ̀kadà tó ń lọ, tó ń bọ̀, bí àlejò tó ń dúró de ọkọ̀.

Kọ́lájọ ní… kí ló tilẹ̀ ní lórí fóònù? "Fi wọ́n síbẹ̀ jàre. Ṣebí ibẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún." Ẹnu dùn ún ròfọ́. Òun kọ́ ló máa sọ ọ́ lójú wọn. Èmi ni. Ìgbà wo ni kì í ṣe èmi? Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí tí dókítà fi… Mi ò fẹ́ rántí. Yàrá funfun. Bàbá wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà sọ èdè òyìnbó rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó yíjú sí mi, ó ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá fún Màmá. Pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́. Mo wá Yorùbá rẹ̀ tì… "Dókítà ní ká máa gbàdúrà." Màmá rọra mi orí, bí ẹni pé wọ́n gbọ́. Wọ́n fi kóòtù wọn bò mí, wọ́n gbé mi lé itan, èmi ọmọ ńlá. Wọn ò béèrè nǹkan kan mọ́.

Wọn ò béèrè nǹkan kan mọ́…

Kí ló dé? Màmá tó jẹ́ pé bí mo bá ní mo ti fọ eyín, wọ́n á ní kí n la ẹnu káwọn wò ó. Ọkọ wọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wá gba ọ̀rọ̀ ọmọdé gbọ́ kíá bẹ́ẹ̀? Rárá. Dókítà kọ́ ni wọ́n ń wò lọ́jọ́ náà. Ojú mi ni wọ́n ń wò. Ojú mi ló sọ fún wọn. Wọ́n ti mọ̀ kí n tó la ẹnu — wọ́n kàn jẹ́ kí n máa rò pé mo gbà wọ́n sílẹ̀ ni.

Ìbéèrè àárọ̀ yìí ńkọ́? Ṣé àìmọ̀ ni?

Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Gbogbo àlàyé tí mo ń tò látàárọ̀ — afẹ́fẹ́ tó dára, ẹbí tó yí wọn ká, pé ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà — ó tú mọ́ mi lẹ́nu. Màmá gbójú sókè. Ojú mi ni wọ́n ń wò. Mi ò tíì sọ nǹkan kan… Wọ́n sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi ọwọ́ gbá ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fún mi.