Ihò Inú Páìpù

Omi ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí Toyyibah tó ti ibi tó ti lọ ra wáyà dé. Ó ti gba abẹ́ àwọn páìpù tí bàbá rẹ̀ tò jọ kọjá, ó sì ń ṣàn lọ sójú títì bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kíákíá. Iná ti lọ. Nínú àpótí onígíláàsì tó wà lórí tábìlì, omi kò ju ìka mẹ́rin lọ mọ́, ẹja pupa mẹ́fà sì ń fi ikùn wọ́ ilẹ̀.

Toyyibah kọ́kọ́ bu omi inú korobá tó wà lábẹ́ tábìlì padà sínú àpótí, nítorí ẹja kì í dúró de àlàyé.

Bàbá rẹ̀, Rùfáì, tó ti ń ṣiṣẹ́ púlọ́ńbà ní Ọ̀wọ̀ kí wọ́n tó bí i, jí lójú oorun ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ti kìlọ̀ pé bí omi àpótí yìí bá tún kan ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù òun, àpótí ń lọ síta nìyẹn, Toyyibah náà yóò sì lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ Àǹtí Qudirat ní Ipele. Ta ló máa gbéṣẹ́ fún púlọ́ńbà tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ń jò? Ó tọ́ka sí ẹ̀rọ kékeré tí Toyyibah fọwọ́ ara rẹ̀ so pọ̀, èyí tó ń tan pọ́ńpù tó sì ń pa á, tó tún ń fi bátìrì fẹ́ atẹ́gùn fún ẹja bí iná bá lọ. Ó ní òun ti sọ ọ́ pé wáyà kì í ṣe ọ̀rẹ́ omi. Ó ní kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Toyyibah kò palẹ̀ nǹkan kan mọ́. Atẹ́gùn ṣì ń hó nínú omi. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Inú bí i. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó fa páìpù tó ń gbé omi láti korobá wá sókè yọ, ó fi àtàǹpàkò tọ ọ́ wò. Ihò kékeré tí òun fúnra rẹ̀ lù sí i, níbi tí omi máa ń ga dé nínú àpótí, ti dí. Gọ́ọ̀mù páìpù ló wà lójú rẹ̀, wọ́n sì ti fi ìka nù ún dán. Ẹnì kan ṣoṣo ní àdúgbò ló máa ń nù ún bẹ́ẹ̀.

“Bàámi, ta ló dí ihò yìí?”

“Èmi ni. Mo ti mọ́ṣáláṣí dé láàárọ̀, mo rí i tí omi ń tú níbẹ̀. Mo pa pọ́ńpù, mo nù ún gbẹ, mo dí i, mo sì tún pọ́ńpù tàn. Ṣé kí n máa wò ó ni?”

Toyyibah fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí ti fi ń dí ihò láti Uso dé Isuada. Ojú rẹ̀ kò lè rí páìpù tó lu kí ọwọ́ rẹ̀ má wá gọ́ọ̀mù. Àánú ọmọ ló ṣe é, àánú yẹn náà ló sì fẹ́ gbé ọmọ dé Ipele. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, àgbà nìkan ló ń dá a.

“Mo mọ̀ọ́mọ̀ lù ú ni. Bí iná bá lọ, páìpù á máa fa omi àpótí padà sísàlẹ̀ títí korobá á fi kún àkúnya. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ kọjá ihò yẹn, páìpù á fa afẹ́fẹ́ níbẹ̀, á sì dáwọ́ dúró. Gọ́ọ̀mù yín ló da omi sílẹ̀, Bàámi, kì í ṣe ẹ̀rọ mi.”

Ẹnikẹ́ni kì í bá Rùfáì sọ̀rọ̀ báyẹn, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ páìpù. Ó ní kó tún un sọ. Toyyibah tún un sọ, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Lẹ́yìn náà ló mú dírílì oníbátìrì, ó lu páìpù náà lójú bàbá rẹ̀, ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó sì bu omi mìíràn rọ́pò èyí tó dà nù. Rùfáì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Alásárì nígbà tí iná dé. Pọ́ńpù dún, àpótí kún, omi tín-ínrín sì ń tú jáde lójú ihò. Toyyibah ní kí bàbá òun pa iná náà fúnra rẹ̀.

Ó pa á. Omi bẹ̀rẹ̀ sí padà sísàlẹ̀. Korobá ń kún, ó ń kún. Toyyibah kò mú àkísà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣe é bíi kó sáré lọ mú un. Páìpù fa afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Omi dúró nígbà tó ku ìka méjì kó dé etí korobá.

Rùfáì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo korobá náà títí. Kò tọrọ àforíjì. Kì í tọrọ rẹ̀.

“Báwo lo ṣe mọ ibi tó yẹ kó o lù ú?”

Bó ṣe máa ń bá àwọn púlọ́ńbà ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ta kókó ló ṣe bèèrè rẹ̀. Láti ọ̀sán ni Toyyibah ti to ọ̀rọ̀ líle sílẹ̀ dè é. Ó wá wọn tì. Ó fi ìka kan gíláàsì níbi tí omi dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ibẹ̀.